Ọjọ́ Tí Ẹgbẹ́ Ojú Sánmà Fojú Kan Ara Wọn

Ní Sábó ní Ìlaró, kò sẹ́ni tí kò mọ Mọ́nsúrátù tó ń rán yunifọ́ọ̀mù. Bí ọmọ bá fẹ́ wọ ilé ìwé tuntun, ọ̀dọ̀ Mọ́nsúrá ni wọ́n ń mú un lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ọkàn obìnrin tó tẹrí ba sórí ẹ̀rọ ìránṣọ yìí kì í sí nílé ayé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa tẹ ẹ̀rọ, ọkàn rẹ̀ á wà nínú òṣùpá, níbi tó ti ń ro bí wọn yóò ṣe máa ná ọjà lórí ilẹ̀ tí nǹkan kì í ti í wúwo, bí alákàrà yóò ṣe máa fò sókè láti mú àkàrà rẹ̀ kó tó lọ pátápátá. Á bú sẹ́rìn-ín lóun nìkan, àwọn oníbàárà á wo ara wọn lójú. Ìyá rẹ̀ ti gbàdúrà sí ọ̀rọ̀ náà títí, ó sú u.

Ìtàn ayé tí kò tíì dé ló fẹ́ràn: ọkọ̀ tó ń ná ìràwọ̀ kan sí èkejì, ẹ̀rọ tó ń ronú bí ènìyàn, àwọn ẹ̀dá olójú mẹ́ta tó ń gbé níbi tí oòrùn méjì ti ń ràn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wọ́n sórí fóònù, ó ń fi wọ́n ránṣẹ́ káàkiri. Àwọn tó bú u pọ̀. Àwọn tó gbádùn rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn yẹn gbádùn rẹ̀ dé góńgó, wọ́n ní àwọn ti rò pé orí tàwọn nìkan ló dàrú ní gbogbo agbègbè Yewa. Bí wọ́n ṣe dá Ẹgbẹ́ Ojú Sánmà sílẹ̀ lórí Wasáàpù nìyẹn.

Ẹgbẹ́ náà ní òfin kan tó ga ju gbogbo òfin yòókù lọ, Mọ́nsúrá ló sì ṣe é. Kò gbọdọ̀ sí Ẹ̀gbọ́n níbẹ̀, kò gbọdọ̀ sí Àbúrò, kò gbọdọ̀ sí Bàbá tàbí Màmá. Orúkọ ojú sánmà ni kálukú yóò máa jẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ béèrè ọjọ́ orí ẹnì kejì. Ìdí rẹ̀ ni pé nínú gbogbo àwọn tó wà nínú ìtàn wọn, kò tíì sí ẹyọ ẹnì kan tí wọ́n bí, ta ni yóò wá ṣàgbà fún ta ni? Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Nílẹ̀ tiwa yìí, níbi tí àwọn ìbejì pàápàá ti ń jà sí ta ni ẹ̀gbọ́n, òfin yìí dùn bí ìgbà téèyàn bọ́ bàtà tó há. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń bú ara wọn, wọ́n ń já irọ́ ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí bátìrì fi ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ọ̀gá Ọkọ̀ ni Mọ́nsúrá ń jẹ́. Dinah, onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, ń jẹ́ Òṣùmàrè. Ọlájídé, ọkùnrin tó ń dáko ẹ̀gẹ́ ní Ìhúnbọ̀, ń jẹ́ Ìràwọ̀ Onírù, gbogbo ìtàn tó bá sì kọ, ẹ̀gẹ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ sinmi ni ẹnì kan tó ń jẹ́ Àgùàlà.

Àgùàlà kì í gbà. Bí wọ́n bá ní ọkọ̀ gbéra lọ sí òṣùpá, Àgùàlà á ní ta ló rọ epo sí i. Bí wọ́n bá ní ẹ̀rọ kan gbé ọmọ ènìyàn níyàwó, Àgùàlà á béèrè ẹni tó wá tọrọ ọmọ fún ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í tètè dé. Wọ́n á ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á ti bá òmíràn jìnnà, kí ìdáhùn Àgùàlà tó wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹni tó wá síbi ìkómọ lọ́jọ́ kẹsàn-án. Mọ́nsúrá kì í fojú rere wò ó. "Àgùàlà, ṣé ìka ẹ ló rọ ni?" "Àgùàlà, àfi bíi pé ìgbín ló bí ẹ." Bẹ́ẹ̀ ni inú rẹ̀ máa ń dùn yàtọ̀ tó bá ti rí orúkọ yẹn lórí fóònù. Ó dá a lójú pé ọmọkùnrin kan tó ń kàwé ní pólì ni, aláìgbọràn olórí kunkun kan tí ìyá rẹ̀ ti kẹ́ bàjẹ́.

Nígbà tó yá, fóònù nìkan kò tó Mọ́nsúrá mọ́. Ó fẹ́ rí wọn. Ó fẹ́ jókòó láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, kó sọ̀rọ̀ òṣùpá lójú ọ̀sán láìsí ẹni tí yóò fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ wò bóyá ibà ló ń ṣe é. Ó ń wù ú débi pé ó máa ń dùn ún láyà bó bá rò ó. Ó ní ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe ìjáde.

Àkókò wo ló sì yan? Àkókò tí ìjọba ti ẹnubodè pa. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ ẹ mọ̀ ọ́n. Ìrẹsì di ohun tí wọ́n ń gbé bí ẹni gbé ìbọn. Láti Ìdìrókò títí wọ inú lọ́hùn-ún, aṣọ́bodè rèé, sójà rèé, ọlọ́pàá rèé, igi gbọọrọ lójú títì. Wọ́n tún wá ní kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo tó bá sún mọ́ bodè mọ́. Àwọn ará Ìhúnbọ̀ ń wo ọ̀kadà wọn bí ẹni ń wo òkú ẹran.

Ìjáde àkọ́kọ́, pápá ilé ìwé kan ní Ìlaró ni wọ́n fi sí. Mọ́nsúrá se sóbò, ó tẹ́ ẹní, ó dúró. Ẹni tó wá ni ewúrẹ́ kan. Dinah wọlé dé nígbà tí ewúrẹ́ náà ti jẹ ìwé tí wọ́n kọ "Ẹ Káàbọ̀ Sójú Sánmà" sí tán. Ìjáde kejì, Ọlájídé fẹsẹ̀ rìn, ó gun kẹ̀kẹ́ ẹni ẹlẹ́ni, ó tún fẹsẹ̀ rìn, nígbà tó máa fi dé, ilẹ̀ ti ń ṣú, Mọ́nsúrá àti Dinah sì ti ká ẹní lọ sílé. Ó jókòó sórí pápá, ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ pé: "Mo ti gúnlẹ̀ o. Kò sẹ́dàá kankan nínú ayé yìí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ara wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́nsúrá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí ìjáde kẹta bá tún fọ́, ẹgbẹ́ ti túká nìyẹn, yóò sì padà di aránṣọ tó ń dá rẹ́rìn-ín.

Ibi tó wá mú fún ẹ̀ẹ̀kẹta dára, èmi gan-an gbà fún un. Lẹ́yìn Igbógílà, kòtò ńlá kan wà níbi tí wọ́n ti wa òkúta ẹfun rí, tí wọ́n sì ti pa á tì. Ilẹ̀ ibẹ̀ funfun báláú, koríko kò hù níbẹ̀. Bí èèyàn bá dúró sí àárín rẹ̀, òṣùpá ló dúró sí. Àwọn ará Ìlaró á gòkè wá, àwọn ará Ayétòrò á sọ̀ kalẹ̀ wá, Ọlájídé á ti sùn sílé ìbátan rẹ̀ ní Ìlaró láti ọjọ́ Jímọ̀. Nítorí pé púpọ̀ nínú wọn kò mọ ojú ara wọn, Ọ̀gá Ọkọ̀ pàṣẹ pé kí kálukú ti wọ aṣọ ará òṣùpá láti ilé wá. Ó ya bí wọn yóò ṣe rán an, ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló dojú kọ Àgùàlà níwájú gbogbo ẹgbẹ́: "Ìwọ Àgùàlà, ẹ̀ẹ̀mejì lo ti sọ pé ò ń bọ̀. Bí o ò bá yọjú ní Sátidé, mà á lé ọ dànù. Ọ̀lẹ."

Ọjọ́ kejì ni ìdáhùn wọlé. "Mà á wá."

Níbi aṣọ ni wàhálà ti wọ̀ ọ́. Aṣọ tó ń dán bíi fàdákà, Kùtọnu ni wọ́n ti ń kó o wá, bodè sì ti tì. Mọ́nsúrá wá wo igun ilé, ó rí àwọn òfìfo àpò ìrẹsì tí ìyá rẹ̀ kó pamọ́ bí gbogbo ìyá ṣe ń kó o pamọ́. Ó yí inú wọn síta, ó funfun. Ó rán wọn, ó ki èépá fóòmù sí wọn nínú kí wọ́n lè wú. Ike ọ̀dà tí wọ́n dá ojú sí lára di akoto. Ó ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ pé kí àwọn náà rán tiwọn bẹ́ẹ̀. Aṣọ náà dára, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ẹ kàn bá mi ro ó wò: lọ́dún tí wọ́n ń wá ìrẹsì òkèèrè bí ẹni ń wá olè, obìnrin yìí kó odidi ọkọ̀ èèyàn sínú àpò ìrẹsì òkèèrè, ó sì ní kí wọ́n máa lọ lójú títì.

Husain ló gbé wọn nínú bọ́ọ̀sì rẹ̀. Òun kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, ó ní ilé ayé yìí gan-an kò tíì yé òun. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi kan igi lójú ọ̀nà, aṣọ́bodè kan sì yọ orí wọlé láti ojú fèrèsé. Ó rí àwọn ẹ̀dá funfun alárawíwú, olórí ike, tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Ó yọ orí rẹ̀ síta. Ó tún un kì wọlé.

"Kí lẹ̀yin jẹ́?"

"Ará òṣùpá ni wá, sà," ni Dinah dáhùn kí Mọ́nsúrá tó lè pa á lẹ́nu mọ́.

"Gbogbo ará òṣùpá, ẹ bọ́ sílẹ̀!"

Wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ títì. Oòrùn mú, lẹ́tà àpò ìrẹsì tó wà nínú aṣọ sì ń hàn síta lódìlódì. Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ ikùn Ọlájídé, ó ń ka lẹ́tà náà láti ẹ̀yìn, ètè rẹ̀ ń mì. Lójijì ló ké: "Ìrẹsì! Ọ̀gá, ẹ wá o! Wọ́n ti di í mọ́ra!" Àwọn yòókù sáré dé. Wọ́n fọwọ́ tẹ ikùn Ọlájídé, ó rọ̀. Wọ́n tẹ ìdí Dinah, Dinah ní ibi tí wọ́n tẹ̀ yẹn, tòun ni, kì í ṣe fóòmù. Wọ́n tú ojú ìrán aṣọ Mọ́nsúrá, èépá fóòmù sì tú jáde, atẹ́gùn gbé e, ó bò wọ́n nírùngbọ̀n.

Ọ̀gá wọn, ọkùnrin kan tí ikùn tirẹ̀ wú láìsí fóòmù, fi fìlà rẹ̀ nu fóòmù kúrò lójú. Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí ojú rẹ̀ ni ẹ̀rín ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ó ní, "Ibo lẹ ń lọ?"

"Òṣùpá, sà," ni Mọ́nsúrá wí. "Lẹ́yìn Igbógílà."

Ọ̀gá náà kọ́kọ́ gbìyànjú láti lejú. Ó kùnà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi lójú ọ̀nà mú. "Ẹ gbé igi kúrò fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀! Tí ẹ bá ń bọ̀, a máa yẹ̀ yín wò dáadáa. Ẹ ò gbọdọ̀ kó ìrẹsì òṣùpá wọ Nàìjíríà."

Nígbà tí wọ́n dé etí kòtò ẹfun náà, àwọn ará Ayétòrò ti wà nísàlẹ̀, gbogbo wọn funfun, gbogbo wọn wú, wọ́n ń ju ọwọ́. Ẹsẹ̀ Mọ́nsúrá kúrò nílẹ̀. Kò mọ ìgbà tó yí gbiri dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ń pariwo orúkọ, wọ́n ń dìmọ́ra, fóòmù ń pàdé fóòmù, wọ́n ń ta padà bí bọ́ọ̀lù. "Ṣé ìwọ ni Òkùnkùn Biribiri? O kúrú báyìí!" "Ìràwọ̀ Onírù, ìrù ẹ dà?" Ẹnì kan ń fò bí ẹni pé ara òun kò wúwo, ó sì ṣubú, wọ́n dà lé e. Mọ́nsúrá dúró láàárín wọn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ wò.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ọ̀kadà kan fi sọ ẹ̀dá kékeré kan kalẹ̀ létí kòtò. Aṣọ àpò, orí ike. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ta ni ìbá tún jẹ́? Mọ́nsúrá sáré pàdé rẹ̀, ó nawọ́, ó fi ìka kan ike orí rẹ̀ kọ́kọ́kọ́ bí ẹni kan ilẹ̀kùn.

"Àgùàlà! Ìwọ ọ̀lẹ yìí! Lónìí náà o tún pẹ́! Jẹ́ kí n rí ojú burúkú tó ń yọ wá lẹ́nu!" Ó gbá ike náà mú, ó ṣí i.

Irun funfun ló kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn irun ni àbàjà lẹ́rẹ̀kẹ́, lẹ́yìn àbàjà ni ojú ìyá arúgbó kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa, tó ń wò ó.

Bí wọ́n bá ní kí ilẹ̀ lanu, Mọ́nsúrá kò ní dúró kó là tán. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì balẹ̀. "Yéè! Ẹ jọ̀ọ́ mà! Ẹ má bínú mà!" Dinah kúnlẹ̀, Ọlájídé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, gbogbo òṣùpá kúnlẹ̀. Màmá Hùmúàní ni orúkọ rẹ̀, oníṣòwò obì ní Ìmaṣàyí ni. Ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ fóònù tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ fún un.

Láti ìṣẹ́jú yẹn, gbogbo rẹ̀ tutù. Husain sáré lọ yá àga wá, wọ́n fi Màmá jókòó, ẹnì kan ṣí agbòòrùn sórí rẹ̀, ẹnì kan gbé omi wá pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Àwọn yòókù jókòó síwájú rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹbí ìyàwó. Wọ́n ní kí Ọlájídé ka ìtàn rẹ̀, ìtàn oko ẹ̀gẹ́ inú òṣùpá. Ó kà á bí ẹni ń ka ìkéde òkú. Nígbà tó parí, Màmá ní, "Ẹ̀gẹ́ kò lè ta nínú òṣùpá. Òjò kì í rọ̀ níbẹ̀."

Ọlájídé yìí, tó ti bá gbogbo ẹgbẹ́ jà lórí ẹ̀gẹ́ yìí títí, tẹrí ba. "Òótọ́ lẹ sọ mà."

"Òótọ́ ni mà," ni gbogbo wọn wí.

Mọ́nsúrá gbọ́ ọ, inú rẹ̀ bàjẹ́ ju ti ọjọ́ ewúrẹ́ lọ. Wọ́n ti wá, gbogbo wọn ti wá, ẹgbẹ́ sì ń kú lọ níṣojú rẹ̀. Àwọn kan ti ń wo ọ̀nà ọkọ̀.

"Ọ̀gá Ọkọ̀ dà?" ni Màmá béèrè.

Mọ́nsúrá fi orúnkún rìn lọ bá a. "Èmi rèé mà. Ẹ foríjì mí mà, mi ò mọ̀ pé..."

"Ta ló ní kí o tọrọ àforíjì?" Ohùn Màmá kò le. "Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù nínú àwọn ojúgbà mi, Mẹ̀dínátù. Àwa méjèèjì máa ń jiyàn láti àárọ̀ títí tí wọ́n á fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́. A sin ín lẹ́yìn Iléyá. Látìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó pè mí ní orúkọ mi mọ́, kò sẹ́ni tó já mi nírọ́. Bí mo bá ní òru ni oòrùn ń ràn, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni Màmá. Ọmọ mi, wọ́n ti fi ọ̀wọ̀ sin mí láàyè." Ó nu imú rẹ̀. "Lọ́jọ́ tí o ní ìgbín ló bí mi, mo rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi sáré wọ yàrá wá wò mí. Mo wá síbí kí ẹ lè bú mi. Bó bá jẹ́ ìkúnlẹ̀ ni, mo ní àwọn tó ń kúnlẹ̀ nílé."

Mọ́nsúrá mọ ohun tó yẹ kóun ṣe, ẹnu rẹ̀ ni kò gbà. Ẹnu tí ìyá rẹ̀ fi pàṣán kọ́ láti kékeré, báwo ni yóò ṣe yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ lọ́jọ́ kan? Òógùn bò ó. Ó la ẹnu, ó pa á dé, ó tún un là.

"Àgùàlà... mà."

"Mà wo?" ni Màmá wí. Ẹnì kan fi ọwọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀ lẹ́yìn.

Mọ́nsúrá dìde kúrò lórí ìkúnlẹ̀. Ìyẹn gan-an le ju ọ̀rọ̀ lọ. Ó di ojú rẹ̀, ó fi gbogbo agbára ké: "Àgùàlà, irọ́ lò ń pa! Ta ló sọ fún ọ pé òjò nìkan ló ń mú ẹ̀gẹ́ ta? O ò mọ nǹkan kan nípa òṣùpá!"

Ó la ojú pẹ̀lú ẹ̀rù. Màmá ti gbá àga dànù lẹ́yìn, ó ti dìde.

"Èmi? Èmi ni mi ò mọ nǹkan kan? Ẹ̀gẹ́ tí mo ti ń fi ọwọ́ mi gbìn kí wọ́n tó bí ìyá ẹ?"

"Kò sẹ́ni tí wọ́n tíì bí níbí!" ni Dinah pariwo.

"Wọ́n á gbé omi lọ!" ni Ọlájídé ké, ọ̀rọ̀ oko rẹ̀ ti jí i. "Inú ọkọ̀ ni wọ́n á gbé omi sí!"

"Omi mélòó? Ọkọ̀ wo? Ta ló rọ epo sí i?"

Gbogbo òṣùpá dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n dìde, wọ́n yí i ká, wọ́n ń na ìka sí i lójú, òun náà ń na tirẹ̀. Husain ń fun fèrè ọkọ̀ lókè, ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Màmá tún fẹ́ fọ èsì, àmọ́ Ọlájídé fọwọ́ dá a dúró.

"Jókòó, Àgùàlà, kì í ṣe ìwọ ló kàn!"

Hùmúàní jókòó. Kò wá àga. Orí ilẹ̀ ẹfun ló jókòó sí láàárín wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbọọrọ, omi ń dà lójú rẹ̀, gbogbo eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ sì wà níta, ó ń dúró kí ó kàn án.